Líǹkì kì í ṣe ìwé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti wọlé ní àwọn fásitì àti pọlí wa, ariwo owó handout á tún sọ. Èsì tí àwọn kan ń fọ̀ báyìí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wa ìwé ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, ìwé náà wà. A kò sọ̀rọ̀ PDF jíjí tí wọ́n ń pín kiri o. Ìwé tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti kà, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àti láti tún un ṣe ni à ń wí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kàn ju líǹkì sórí WhatsApp kíláàsì, tó ní òun ti ṣe tòun, kò dín owó kankan kù. Iṣẹ́ wà láàárín líǹkì àti ìwé, ẹ̀ka ló sì yẹ kó ṣe é, kì í ṣe ọmọ ọdún kìíní tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú CHM 101, kọ́ọ̀sì kẹ́mísírì ọdún kìíní. OpenStax, ètò ìwé ọ̀fẹ́ tí Rice University ní Texas ń ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé jáde ní 2012, ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Chemistry 2e. Orí 21 ló ní, ojú ìwé rẹ̀ sì lé ní 1,000. Kọ́ọ̀sì wa kò nílò gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso fásitì, fi lélẹ̀, kí ẹ sì mú ohun tó bá a mu: átọ́mù wà ní orí 2 àti 6, ooru inú ìdàpọ̀ kẹ́míkà ní 5, bí átọ́mù ṣe ń so mọ́ra ní 7, gáàsì ní 9, ohun tó ń mú ìdàpọ̀ yá tàbí falẹ̀ ní 12, ìdọ́gba ìdàpọ̀ kẹ́míkà (equilibrium) ní 13, kẹ́mísírì iná mànàmáná (electrochemistry) ní 17. Orí 8 péré nìyẹn. Tí ẹ bá yọ àwọn àwòrán tó wà fún ẹwà nìkan àti ìdajì àwọn ìbéèrè ẹ̀yìn orí kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fà á wá sí nǹkan bí ojú ìwé 300. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tojú-tẹ̀yìn, bébà 150 ni. Ríìmù 1 (bébà 500) á ṣe ẹ̀dà 3, bébà 50 á sì ṣẹ́kù.

Oní-fọ́tòkọ́pì á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kó ojú ìwé 2 sójú kan kí owó lè dínkù. Fún GST, kọ́ọ̀sì gbogboogbò, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún kẹ́mísírì, ẹ má gbà: lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10 á di 7, nọ́ńbà kékeré inú H₂SO₄ á sì di èérún tí ojú ò lè mú. Bébà Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ṣe ìwé náà tún fẹ̀ ju A4 wa lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ yan “Fit” kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí ìwé á gé. Àwọ̀ náà ńkọ́? Nínú àwòrán mólékù, pupa ni ọ́síjìn, búlúù ni náítírójìn. Dúdú-àti-funfun sọ méjèèjì di ìkan náà. Bírò lásán ló ń yanjú èyí: ẹ kọ O àti N sí i lára lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí fọ́tòkọ́pì tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù wà níbi kọ́pì-kí-o-lẹ̀ ẹ́ láti inú PDF sínú Word. Nọ́ńbà òkè máa ń já bọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà Avogadro, 6.022 × 10²³, á di 6.022 × 1023, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi ṣe ìṣirò láìfura. Kí ẹnì kan tún un ṣe, kí ẹlòmíì fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé gbogbo nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

CHM 102, tó dá lé organic (kẹ́mísírì kábọ́nù), yàtọ̀, torí orí 20 nìkan ni Chemistry 2e fi sọ̀rọ̀ organic, kò sì tó. Ẹ lọ sí Organic Chemistry tí John McMurry, tó kọ ọ́, gbé lé OpenStax lọ́wọ́ ní ìrántí ọmọ rẹ̀ Peter, tí àìsàn cystic fibrosis pa ní 2019. Ìwé tí wọ́n ti ń tà lówó gọbọi fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tẹ́lẹ̀; láti 2023 ló ti di ọ̀fẹ́.

Àṣẹ ìlò wọn kò dọ́gba, ẹ ka ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa. CC BY, àṣẹ Creative Commons tó ní kí ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó ni ìwé, gbà kí ẹ tà á pàápàá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti fi Xender gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí NC bá wà níbẹ̀, bíi ti McMurry, kò sáàyè fún èrè. A fura pé ìdí tí àwọn kan kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ ìwé náà nìyẹn. Tí ẹ bá rí ND, ẹ ò lè pín èyí tí ẹ tún ṣe. Àṣẹ náà kò sì kan orúkọ, àmì àti èèpo ẹ̀yìn ìwé OpenStax: ẹ ṣe èèpo tiyín, kí ẹ kọ orúkọ ìwé, àwọn tó kọ ọ́, ibi tó ti wá, irú àṣẹ tó ní àti ohun tí ẹ yí padà sínú.

Kò sí ìwé Texas tó máa kọ́ ọmọ wa ní Nigerian Peoples and Culture. Ẹ yẹ ìwé kọ́ọ̀sì NOUN (National Open University of Nigeria) wò, ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì wọn. Nínú ìwé ìṣirò àti ọrọ̀ ajé, ẹ sọ dọ́là di náírà, kí ẹ sì tún ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé ṣírò. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ẹ gé fáìlì sí orí-orí, ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà kan ní ilé-ìkàwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi flash gbà á láìná dátà.

Àtúnṣe yìí ń gba àkókò olùkọ́. Owó ìdàgbàsókè ìwé wà lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó yẹ kó kan irú iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí fásitì kà á mọ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Títí dìgbà yẹn, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi kọ́ọ̀sì kan péré bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ 2 àti òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé 1, lákòókò ìsinmi. Kí wọ́n sì tẹ iye tí bébà àti títẹ̀ jẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi kọ́bọ̀ lé e.

Àwa olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé mélòó kan,
Ìbàdàn.