Àjàyí Crowther kò ṣe bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Yorùbá

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Gbogbo ìgbà tí àwọn oníròyìn bá ń kọ nípa Samuel Àjàyí Crowther ni wọ́n máa ń pè é ní “bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ilẹ̀ Yorùbá”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún un ṣe. Ọmọ Òṣogùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bíṣọ́ọ̀bù lórí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó rí.

Nígbà tí wọ́n yà á sí mímọ́ ní Kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Okúdù 1864, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àṣẹ fi lé e lọ́wọ́. Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Sàró ló sì wà. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó wà níbẹ̀ ló yarí, Henry Townsend ti Abẹ́òkúta sì ni aṣáájú wọn: àwọn kò ní sìn lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Henry Venn, akọ̀wé CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà) ní Lọ́ńdọ́nù, tó jà fitafita kí Àjàyí tó di bíṣọ́ọ̀bù, náà ló gbà fún wọn. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń ṣáájú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù láàrin àwọn Ìgbò, Nupe, Ìgalà àti Ijaw, níbi tó ti ń fi ògbufọ̀ wàásù.

Ibẹ̀ ni wàhálà iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èkó ni bíṣọ́ọ̀bù ń gbé, àwọn ìjọ rẹ̀ sì wà ní Onitsha, Lọ́kọ́ja, Bonny àti Brass. Láàrin oṣù Agẹmọ sí Ọ̀wàrà tí Odò Ọya kún nìkan ni ọkọ̀ ńlá lè gòkè; bí omi bá ti fà, iyanrìn á gbé e. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ló ń bá lọ, ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí ni òun náà gbọ́dọ̀ ṣí. Láàrin àkókò kúkúrú yẹn ló gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé àwọn tó ti kọ́ katikísímù, kó gbọ́ ẹjọ́, kó yẹ ìwé owó wò. Bí ó bá ti lọ, ó di ọdún mìíràn. Ìjọ Áńgílíkà kò sì gbà kí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Kò yani lẹ́nu pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣe bó ṣe wù wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1878, CMS fún iṣẹ́ Odò Ọya ní ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Henry Venn, ṣùgbọ́n òyìnbó kan tí kì í ṣe àlùfáà ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀! Ewu odò náà kò kéré: ní 1867 wọ́n jí bíṣọ́ọ̀bù gbé nítòsí Ìdá, ọfà sì pa Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó lọ gbà á sílẹ̀.

Ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí òun gan-an jẹ́ alága rẹ̀, wọ́n ń dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 1891 ló kú ní Èkó, òyìnbó, Joseph Hill, ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ìwà yẹn wà lára ohun tí Justin Welby, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, tọrọ àforíjì lé lórí ní Canterbury ní 2014. Ta ni yóò mọ ìdí àforíjì ọ̀hún, bí ìwé ìròyìn bá ń sọ pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́?

Bí ẹ bá ń wá ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù láàrin Yorùbá, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips ni kí ẹ kọ. 1893 ni wọ́n yà wọ́n sí mímọ́, igbákejì lásán sì ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Ó di 1952 kí A. B. Akínyẹlé tó gba dáyósísì (agbègbè bíṣọ́ọ̀bù) Ìbàdàn.

Fún Crowther, “Bíṣọ́ọ̀bù Odò Ọya” ti tó lábẹ́ àwòrán. Kò tilẹ̀ gbà tó àyè tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn