Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Jos nípa ìwé ìran àwọn Basenji

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Jos o. Ṣé dáadáa ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà? Inú mi dùn gidigidi pé o gbà láti máa tọ́jú ìwé ìran, ìyẹn ìwé tí a ń kọ bàbá àti ìyá ajá kọ̀ọ̀kan sí, fún ẹgbẹ́ àwa tó ń sin ajá Basenji. Ká yan alága mìíràn kò le, owó ẹgbẹ́ tó falẹ̀ ṣì lè wọlé, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá wọ ìwé ìran, kò sí ọmọ ajá tí a óò lè dúró fún mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o mọ bí iṣẹ́ náà ti rí kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ.

Nọ́ńbà ni kó o máa fi dá ajá mọ̀, kì í ṣe orúkọ. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ajá mẹ́ta sì lè máa jẹ́ Tanímọ̀la ní àdúgbò kan ṣoṣo. Kí dókítà ẹran gún máíkíróṣíìpù, ohun kékeré tó ní nọ́ńbà nínú, sí abẹ́ awọ àárín èjìká ọmọ ajá kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wò ó, bóyá òmíràn ti wà lára rẹ̀. Bó bá gún un tán, kó tún un wò. Nọ́ńbà tó ní díjíìtì 15 ló máa hàn lójú ẹ̀rọ. Kà á lẹ́ẹ̀mejì kó o tó kọ ọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan lọ́jọ́ iwájú, ẹ má tètè sọ pé ó ti sọnù. Ó máa ń rìn lábẹ́ awọ, ẹ fi ẹ̀rọ tọ èjìká dé àyà.

Kọ nọ́ńbà bàbá àti ti ìyá, ọjọ́ ìbí, àwọ̀, àti ibi tó funfun lára rẹ̀. Ẹsẹ̀, àyà àti ṣóńṣó ìrù Basenji gbọ́dọ̀ funfun. Kọ àwọn ọmọ tó kú pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń fi wọ́n pamọ́ nítorí ọjà, bẹ́ẹ̀ bí òkú ọmọ bá ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹbí ń gun ẹbí jù.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹgbẹ́ kékeré wà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni abo Basenji sábà máa ń wá akọ. Bí àkókò bá tó, gbogbo èèyàn á fẹ́ gbé abo wọn lọ bá akọ kan náà tó gba ipò kìn-ín-ní níbi ìdíje. Kó pẹ́ kó jìnnà, ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn. Abo méjì lọ́dún tó akọ kan. Kó o tó fọwọ́ sí i, tọ ìran àwọn méjèèjì padà sẹ́yìn dé ìran márùn-ún. Bí ọmọ ìyá àti bàbá kan bá gun ara wọn, ìbátan inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn jẹ́ ìdá 25 nínú 100; ọmọ bàbá kan tí ìyá wọn yàtọ̀, 12.5, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, 6.25. Èmi kì í fẹ́ kó kọjá 6.25.

Àìsàn Fanconi ni kó o fojú sí jù. Kíndìnrín á máa da ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn sínú ìtọ̀, ajá á máa mu omi láìdáwọ́dúró, á sì máa rù. Ó sábà máa ń pé ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, ajá náà á sì ti bímọ. Bí dókítà bá rí ṣúgà nínú ìtọ̀, ẹ ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kò bá ga, kì í ṣe àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ sì lè pa á. Láti 2011 ni àyẹ̀wò jíìnì rẹ̀ ti wà. Ẹ má fún ajá lóúnjẹ fún wákàtí kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi sínú àpòòwé bébà. Inú nylon ló ti ń bu.

Àwọn èèyàn á fẹ́ lé gbogbo ajá tó gbé àìsàn náà láìṣàìsàn kúrò nínú ìwé. Má gbà fún wọn. Bó bá gun èyí tí kò gbé e rárá, kò sí ọmọ kankan tó máa ṣàìsàn. Bí méjì tó gbé e bá gun ara wọn, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló lè mú. Bí a bá lé gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ tó kù á tún kéré sí i. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ tó kéré ló mú kí AKC, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìran ajá níbẹ̀, ṣí ìwé tiwọn ní 1990 fún àwọn Basenji tí wọ́n kó wá láti Congo.

Wọn á tún gbé ajá ọdẹ wá bá ọ, nítorí pé etí rẹ̀ nà ró, ìrù rẹ̀ sì ká. Jíjọ kò tó. Ajá tó dára ni, àmọ́ má kọ ọ́ sínú ìwé wa.

Bí ajá bá yí ọwọ́ padà, kí olùtà àti olùrà jọ fọwọ́ síwèé láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀ CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti ti báńkì wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti akápò.

Ọ̀tọ̀ ni mo máa fi ìwé ńlá ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni fíláàṣì tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí méjèèjì má bàa sọnù pọ̀. Bí wọ́n bá dé, fi wọ́n wéra kó o tó kọ ohunkóhun sí i, kó o sì sọ iye ajá tó o bá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.