Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ Olóhùn-Iyọ̀ wa

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ó ń dùn ọ́ pé o kò sí nílé nígbà tí a sin Olóhùn-Iyọ̀, ọ̀rẹ́ wa, pé kí n sọ bó ṣe ń ṣe mí gan-an, kí n má kàn sọ pé a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kọjá èyí tí mo lè sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé.

Ìsìnkú náà kò pẹ́. Òkú ọ̀fọ̀ ni, o mọ̀ bí a ti ń ṣe é: kò sí ìlù, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Màmá Olóhùn-Iyọ̀ kò bá wa dé ibojì, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú àwọn àgbà obìnrin àdúgbò. Nígbà tí èrò dínkù, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe gbé ọmọ àwọn sílẹ̀, ṣé wọ́n rọra gbé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ẹni tó di apá ẹsẹ̀ pósí mú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń dà lójú mi, n kò sì nù ún.

O mọ̀ pé èmi kọ́ nìyẹn. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ìwọ àti Olóhùn-Iyọ̀ lẹ máa ń sọ pé ọkàn mi le ju ti ọkùnrin lọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni bá ń sunkún ni wọ́n ń sọ fún pé kó dákẹ́ kíá, iṣẹ́ tíṣà sì tún wá fi kún un. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí òru ọyẹ́ tí ìrora dé sí i ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ìwọ ń gbé omi gbígbóná, tí èmi sì ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le? Ó ní, “Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jókòó tì mí.” Bí òtútù bá mú ẹlẹ́jẹ̀ SS bíi tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sickle cell, tàbí tí omi bá dín lára rẹ̀, hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa tẹ̀ kọrọdọ, a sì dí ọ̀nà tó yẹ kó gbà kọjá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yẹn ló ń ro ènìyàn bí ẹni pé wọ́n ń fọ́ egungun rẹ̀. Kí wá ni ìwúrí mi fẹ́ ṣe sí i? Ohun tó béèrè ni kí a má lọ. Ìgbà tí kò sí mọ́ ni gbólóhùn yẹn tó wọ̀ mí lára.

Ọmọkùnrin kan wà ní JSS 2 nílé ẹ̀kọ́ wa. Ẹyinjú rẹ̀ a máa pọ́n, omi kì í tán nínú ike rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ kó tó nawọ́ pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Àwọn kan rò pé ó ń sá fún iṣẹ́ ni. Kíndìnrín àwọn tó ní SS kì í lè dá omi padà sára bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń gbọ̀n wọ́n ṣáá. Mo bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kó máa wọ súẹ́tà, kó má dúró lórí ìlà láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú. Bí ìrora bá dé sí i, mo máa ń jókòó tì í títí ìyá rẹ̀ á fi dé. N kì í sọ pé kó mọ́kàn le mọ́.

Èyí tó ṣòro jù ni ti tíṣà kékeré kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. AS ni, ìyẹn ni pé S kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì ní àrùn náà. AS náà ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, gbólóhùn kan ni ǹ bá sọ: ẹ túká. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ìlẹ̀kùn, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ òótọ́ fún un, pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Bí àkọ́bí bá sì jẹ́ SS, kò túmọ̀ sí pé àwọn tó kù ti bọ́. Mo sọ ti ìrora. Mo sọ ti ikú. Nígbà tó tún yá, ẹlòmíràn gbọ́ sí i, ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ì bá kúkú má wá sáyé. Ìyá Ìbejì, ara mi gbọ̀n. Olóhùn-Iyọ̀ wá sáyé! Ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, ó kọrin níbi ìgbéyàwó rẹ, ó kọrin níbi tèmi. Èmi tí mò ń bẹ gbogbo ọ̀dọ́ pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára, èmi yìí kan náà ni n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò yẹ kí wọ́n bí i. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́ nínú mi, n kò sì fẹ́ kí ọ̀kan lé èkejì jáde. Tíṣà yẹn àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò tíì pinnu. N kò fipá ti wọn.

Inú mi dùn pé o ti forúkọ sílẹ̀ láti máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro ni tìrẹ. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju ara òyìnbó lọ, àwọn tó ní SS ló sì nílò rẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n ń jẹ́ kí obìnrin fi sinmi kó tó tún fún wọn. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó sú ọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí Olóhùn-Iyọ̀ kò mọ̀ rí ló gbé e ró nígbà tó bímọ. Mo kà nípa Casgevy, ìtọ́jú tuntun fún àwọn tó ní SS tí Bírítéènì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Inú mi dùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Owó rẹ̀ pọ̀ kọjá agbára irú wa, ó sì dùn mí wọra.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Mò ń yà sọ́dọ̀ Màmá bí mo bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń yẹra fún orúkọ ọmọ wọn kí ẹkún má baà bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ ni mo ti sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bá a lọ sórí Òkè Olúmọ lọ́jọ́ tó ní òun á gùn ún dé òkè pátápátá. Èmi kò sí níbẹ̀. Pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nọ́ńbà wọn kò yí padà. Sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, má fo ibì kankan. Bí wọ́n bá sunkún, má ṣe pa fóònù.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.