Wọ́n dá ìyá mi lóhùn

Àjàṣẹ́,
17 oṣù kẹsàn-án

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ kí a tó lọ, àmọ́ ẹrù dídì kò jẹ́.

A ti lọ sí Cap-Vert, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú òkun Àtìláńtíìkì, a sì ti dé láyọ̀: èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìyá mi. A kò gba físà, torí pé inú CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kan náà la jọ wà. Ẹrù àwọn ọmọ kò bá wa dé, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ó ti tán.

Erékùṣù Santiago la dé sí. Òkè tó ń yọ iná ló bí i, ìdí nìyẹn tí yanrìn dúdú fi pọ̀ létíkun wọn. Ti Tarrafal lápá àríwá funfun ní tirẹ̀, omi ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. O mọ bí òkun Sẹ̀mẹ̀ ṣe máa ń ru, tí a kì í jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn. Ní Tarrafal, àbíkẹ́yìn mi jókòó sínú òkun, ó ń bu omi dà sórí bàbá rẹ̀! Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn Pọtugí ṣí ní 1936 wà nítòsí ibẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀, nígbà tó jáde, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Cidade Velha, ìlú àtijọ́ kan ní erékùṣù náà, ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ní 1462 ni àwọn Pọtugí tẹ̀ ẹ́ dó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá òkun. Òpó òkúta funfun kan ṣì wà láàárín ìlú tí wọ́n ń de ẹrú mọ́, tí wọ́n ń nà wọ́n. Ìyá mi bọ́ bàtà kó tó sún mọ́ ọn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

O mọ̀ pé Àgùdà ni wá nílé ìyá mi, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé. Èdè Pọtugí ti tán lẹ́nu wa, àfi orin díẹ̀, àti bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń kí wa láàárọ̀: "Bọ́ndíà, kómú pàsú?", ìyẹn "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ní Rua Banana, òpópónà kan ní Cidade Velha, ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa àgbàdo nínú àtẹ. Ìyá mi dúró, ó rọra tẹ eékún, ó ní, "Bọ́ndíà." Arúgbó náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín: "Bon dia!" Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyá mi kò gbọ́ ìyókù. Ó yíjú sí mi, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní, "Ó dá mi lóhùn."

Àgbàdo yẹn, katxupa ni wọ́n ń fi í sè. Ẹ̀gbo àti ẹ̀wà tiwa ni, àfi pé wọ́n ń fi ẹja tàbí ẹran sí i. Ìyá mi jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ títí a fi kúrò.

Nísinsìnyí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yàrá rẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi máa ń sáré lọ. Ìyá mi kò ní jẹ́ kó jáde àfi tó bá pe "kómú pàsú" já geere.

Ìyá mi ní kí n bi ọ́: orin ọdún Bonfim tí a jọ máa ń kọ lẹ́yìn bùrínyàn, eégún àwa Àgùdà, ṣé o ṣì rántí ẹsẹ̀ kejì? Ó ti sọnù mọ́ òun lọ́kàn. Bí o bá rántí rẹ̀, jọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyọ̀ká