Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn gan-an pé o ti parí ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn náà, ìyẹn ìpalára tí ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí ọ fi sílẹ̀ lọ́kàn rẹ. Kì í ṣe nǹkan kékeré kéèyàn jókòó ti ohun tó dẹ́rù bà á jù láyé, kó máa sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. O bi mí pé kí lo máa ṣe báyìí tó jẹ́ ìwọ nìkan ló kù sídìí ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́ kí n dáhùn bó ṣe yẹ.

Ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn tó múná dóko kì í sábà gùn. CPT (Cognitive Processing Therapy), tó ń yẹ èrò tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi sílẹ̀ lọ́kàn wò, máa ń jẹ́ ìjókòó 12. Prolonged exposure, ìyẹn kíkojú ìrántí àti ohun tó ń bani lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, tí onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí Edna Foa ṣètò, máa ń wà láàárín 8 sí 15, ìjókòó kan sì lè gbà tó ìṣẹ́jú 90. Kò sí èyí tó ń pa ìrántí rẹ́ nínú wọn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá: ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní amygdala, ló máa ń tètè kígbe ewu bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú kọ́ ọpọlọ rẹ ní ẹ̀kọ́ tuntun, pé ekòló kì í ṣe ejò, àmọ́ ẹ̀kọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí o bá ń lò lójoojúmọ́ ló máa lágbára.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyẹra, ìyẹn kí o máa sá fún ohun tó ń rán ọ létí, ló ń bà mí lẹ́rù nítorí rẹ ju àlá burúkú lọ. Àlá burúkú máa ń pariwo, ìyẹra kì í pariwo. Ó máa ń wọlé bí ọgbọ́n: "Ó rẹ̀ mí lónìí." "Ọ̀nà kejì yá jù." O rán ẹlòmíì níbi tó yẹ kí o lọ. O lọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí, o sì di fóònù mú ṣinṣin bí ẹni tó fẹ́ sá. Lójú ẹsẹ̀, ara tu ọ́. Ìtura yẹn ló wá ń kọ́ ọpọlọ pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́ àti pé sísá ló gbà ọ́ là. Láàárín oṣù díẹ̀, ayé á ti kéré mọ́ ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, to àwọn ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù sínú ìwé bí ìpele àkàbà. Kọ nǹkan 8 sí 10 tí o ń sá fún sílẹ̀, kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà ní nǹkan bíi 30 tàbí 40. Lọ síbẹ̀, kí o dúró títí ẹ̀rù náà fi máa wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 30 sí 45. Tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ kan náà kí o tó gun èyí tó kàn. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kéèyàn kúrò nígbà tí ẹ̀rù wà ní góńgó, torí ohun tí ọpọlọ kọ́ lọ́jọ́ náà ni sísá. Tí o bá rí i pé o ò lè dúró, ìpele yẹn ga jù nìyẹn. Sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ o, ibi tí ewu gidi wà kò sí lórí àkàbà rárá. Ẹni tó ṣe ọ́ léṣe kò sí níbẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìwòsàn tì ọ́ lọ bá a.

Ìgbà míì, ìrántí lè ya wọlé lójijì láìkan ilẹ̀kùn. Àyà rẹ á máa lù kì-kì-kì. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fa èémí ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún fà á. Ìyẹn ló ń fà á tí òòyì fi ń kọ́ wọn, tí ìka ọwọ́ wọn sì ń ṣe wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Èémí tó ń jáde ni kí o ṣiṣẹ́ lé lórí. Tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Mí sínú jẹ́jẹ́ gba imú, ka 4. Jẹ́ kó jáde pẹ̀lẹ́, ka 6. Ṣe é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, torí mímí síta tó gùn máa ń dẹ eré ọkàn. Lẹ́yìn náà, sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí a wà jáde lẹ́nu, kí o wá nǹkan 5 tí ojú rẹ rí, 4 tí ọwọ́ rẹ kàn, 3 tí etí rẹ gbọ́, 2 tí imú rẹ gbóòórùn, 1 tí ahọ́n rẹ tọ́ wò. Máa dán an wò nígbà tí ara bá balẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun tí kò bá tíì mọ́ni lára kì í wá sọ́kàn nígbà ìjayà.

Ní ti oorun, aago kan náà ni kí o máa jí, ì báà jẹ́ pé o ò sùn dáadáa. Tí oorun ò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí bẹ́ẹ̀dì má di ibi ìjàkadì. Ọtí máa ń tètè múni sùn, àmọ́ tí agbára rẹ̀ bá ń kúrò lára ní ìdájí, oorun á máa já, àlá á sì le sí i. Ní ti àlá burúkú tó ń padà wá, má mú èyí tó wúwo jù bẹ̀rẹ̀. Kọ èyí tó fúyẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán, yí i padà síbi tó bá wù ọ́, kí o sì máa fojú inú wo èyí tuntun náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Oògùn ńkọ́? Má dá a dúró fúnra rẹ. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ara máa ń rántí kí kàlẹ́ńdà tó rántí. Tí inú bá ṣàdédé ń bí ọ tàbí tí oorun dà rú, wo ọjọ́ tí a wà. Sàmì sí àyájọ́ ọjọ́ tí ohun burúkú náà ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí o pinnu ẹni tí o máa wà pẹ̀lú lọ́jọ́ náà.

O tún béèrè nípa ìdàgbàsókè, ìyẹn ìyípadà rere tí àwọn kan máa ń rí nínú ara wọn lẹ́yìn ọgbẹ́ ọkàn. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí méjì, Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní 1996 láti wọ̀n ọ́: àjọṣe ẹni pẹ̀lú èèyàn, ọ̀nà tuntun tó ṣí sílẹ̀, agbára inú, ìgbàgbọ́, àti mímọ rírì ìgbésí ayé. Ó lè wà pa pọ̀ pẹ̀lú ìrora nínú ẹnì kan náà. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdàgbàsókè, o ò sì ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́. Èyí tí mo fẹ́ kí o máa wọ̀n ni bó ṣe pẹ́ tó kí o tó padà bọ̀ sípò. Tí ìjayà tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ bá ń gba wákàtí méjì báyìí, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjayà náà dunni bákan náà.

Tí oorun bá dà rú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohun tí o ń sá fún ń pọ̀ sí i, tàbí tí ọtí ń pọ̀, pe olùtọ́jú rẹ fún ìjókòó kan tàbí méjì. Tó bá jẹ́ èrò láti pa ara rẹ ni, má dúró di ọ̀la. Wá ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o má sì dá wà.

Tí o bá ti to àkàbà náà tán, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pàápàá èyí tí o fún ní 30. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí o máa lọ, kí n lè pè ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ