Òjò ti yí padà, gọ́tà wa ò yí padà

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ pàǹtí inú gọ́tà náà la máa ń sọ. Irọ́ kọ́, ẹ dé ẹ̀bá odò Sokori kẹ́ ẹ wo ọ̀rá àti ike tó dí ojú omi. Àmọ́ ká tiẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ kúrò lónìí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí, torí òjò gan-an ti yàtọ̀.

Ooru ló fà á. Epo, gáàsì àti èédú táráyé ń jó ti jẹ́ kí ayé gbóná kọjá bó ṣe wà nígbà àwọn bàbá ńlá wa, ó ti lé ní digiri kan báyìí, bẹ́ẹ̀ digiri kan péré tó bá fi gbóná sí i, afẹ́fẹ́ á lè gba omi mọ́ra tó fi bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá wá fẹ́ dà á sílẹ̀ ńkọ́, á kàn ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ìlú tiwa sì rèé, àpáta ló pọ̀ ńbẹ̀, àpáta kì í mu omi, èyí tó kù nílẹ̀ a ti fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ibo lẹ fẹ́ kí omi gbà? Òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ní July 2018 ló gbẹ̀mí àwọn èèyàn wa, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Omíyalé ọdún 2022 pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution, ẹgbẹ́ tó ń wádìí ipa tí ayé tó ń gbóná ń kó nínú ojú ọjọ́ tó le, yẹ òjò ọdún náà wò, wọ́n ní ayé tó gbóná yìí mú kí irú èyí tó rọ̀ lágbègbè Lake Chad rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 80.

Ti odò Ògùn tún wà níbẹ̀. Láti 1983 ni dáàmù Ọ̀yán ti wà, tó bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i, inú odò Ògùn lomi ẹ̀ ń já sí, á gba Láfẹ́nwá kọjá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìṣẹ́rí. Ẹ bá wa sọ fún ìjọba, kí wọ́n máa kéde ẹ̀ lédè Yorùbá lórí rédíò kó tó di pé wọ́n ṣí i, kì í ṣe lẹ́yìn tómi ti wọlé tán. Gọ́tà àti káfátì tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe báyìí, òjò tó ń rọ̀ lóde òní ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Òǹkàwé yín,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta