Ohun tí a bá nínú ikùn ewúrẹ́ mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi kí n bá àwọn ará Òṣogbo sọ̀rọ̀ nípa pàǹtírí inú ilé wa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ mi ṣàdédé kọ oúnjẹ. Inú rẹ̀ wú, kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó kú. Alápatà kan ládùúgbò ló bá mi la ikùn rẹ̀. Ọ̀rá la bá níbẹ̀: ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa, gbogbo wọn lọ́ mọ́ra bí òṣùká. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ ibi tó ti rí wọn jẹ. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa ni. Èmi náà ni mo máa ń da èèpo iṣu àti ọ̀rá pọ̀ sínú garawa kan ṣoṣo, tí mo ń lọ dà á síbẹ̀. Òórùn èèpo ló fa ewúrẹ́ dé ìdí ọ̀rá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa ìdọ̀tí ilé mi wò. Mo wá rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí rárá, àfi ìgbà tí a bá dà á pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ẹ wo èèpo. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣakaṣaka àgbàdo, oúnjẹ ẹran ni. Ti ẹ̀gẹ́ nìkan ló gba ìṣọ́ra: ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún ẹran, torí oró wà nínú tútù rẹ̀, ó sì ti pa ewúrẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí kò sin ẹran lè fi èèpo ṣe ajílẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò kékeré kan lẹ́yìn ilé, mo ń da èèpo sí i, mo ń fi ewé gbígbẹ àti erùpẹ̀ bò ó lórí, mo sì ń fi ọkọ́ yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí a bá ń bò ó báyìí, kì í rùn, eṣinṣin kì í sì í pọ̀. Nígbà tó yá, ó di ilẹ̀ dúdú. Orí rẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti ata mi wà báyìí.

Ṣé àwa ará Òṣogbo, ìlú aró, ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní irú nǹkan báyìí? Eérú ìdí ààrò pàápàá kò ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Àwọn aláró ń sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò aró kí elú lè mú aṣọ. Wọ́n ń sun èèpo kòkó, wọ́n ń fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ dúdú.

Ọ̀rá ló wá kù, òun gan-an sì ni wàhálà, nítorí kì í jẹrà. Àpò píọ̀wọ́tà kan, ogún ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀. Ilé tó bá ń tú àpò kan lójúmọ́ yóò kó 140 ọ̀rá jọ lọ́sẹ̀ kan. Bí a bá sun ún, èéfín olóró ni àwọn ọmọ wa ń fà símú. Bí a bá jù ú sí gọ́tà, ó ń dí omi lọ́nà, èyí tí kò bá sì há ń bá àgbàrá dé odò Ọ̀ṣun. Odò yìí kan náà ló gba inú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ibẹ̀ ni àlejò ń wọ́ wá nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún.

Ẹ jẹ́ ká dín in kù láti ọjà. Mo ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ àti abọ́ olómorí lọ sí Ọjà Ọba àti Ìgbọ̀nà. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́jà ń wò mí, ní báyìí wọ́n ti mọ̀ pé n kì í gba ọ̀rá fún tòmátò. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́kọ àti onímọ́ínmọ́ín tí ẹ ṣì ń lo ewé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìyálọ́jà ni pé kí wọ́n bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn sọ ọ́: kí wọ́n bi oníbàárà bóyá ó mú àpò wá kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ọ̀rá.

Sí ìjọba: bí a bá kó ẹrẹ̀ gọ́tà jáde ní Sátidé ìmọ́tótó tí kò sí ọkọ̀ tí yóò kó o, òjò àkọ́kọ́ ló máa dá a padà. Ọkọ̀ tó bá sì wá, kó má da ọ̀rá tí a ti ṣà sọ́tọ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù.

Garawa méjì ló wà nílé mi báyìí, ilé mẹ́ta ládùúgbò wa sì ti ń da èèpo tiwọn sínú kòtò mi. Àwọn ọ̀rá tí a ṣà, a ti fọ̀ wọ́n, a ti dì wọ́n sínú àpò, wọ́n wà lẹ́nu géètì. Ọkọ̀ là ń retí.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.